Ohun tá a pè àti ohun tó ṣẹlẹ̀: ìwé àsọtẹ́lẹ̀ ìjà ẹ̀ṣẹ́ tèmi rèé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Rẹ́mọ

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ìjà ẹ̀ṣẹ́.

Mo ní ìwé kékeré kan, ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà tẹ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, inú ẹ̀ ni mo ń kọ àsọtẹ́lẹ̀ ìjà sí láti 2019. Ohun tó fà á ni alẹ́ tí Anthony Joshua pàdé Andy Ruiz ní Madison Square Garden, June 1, 2019. Níbí ní Ṣágámù ni mo ti wò ó, aago mẹ́rin ìdájí Sunday ń lọ lù ní tiwa, àwa bí ọgbọ̀n la há sínú ilé ìwòran kan, gbogbo wa la sì ti sọ pé Ruiz ò ní rí ráúǹdù kẹrin, ẹ ṣáà wo ikùn ẹ̀. Ráúǹdù kẹta dé, Joshua gbé e ṣánlẹ̀ lóòótọ́, ilé ń hó gèè, mo ti dìde mo ti ń pariwo ọmọ wa, kí n tó rí àga jókòó padà Ruiz ti gbá a ní ẹ̀ṣẹ́ òsì lẹ́bàá etí, Joshua náà ti wà nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣubú nínú ráúǹdù yẹn nìkan. Nígbà tó fi máa di ráúǹdù keje ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹrin, rẹfirí bá dá ìjà dúró. Ilé pa lọ́lọ́, ẹnì kan ò lè wojú ẹnì kejì.

Àmọ́ ohun tó dùn mí ju ìyẹn lọ ni pé ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí àwọn tá a jọ wà níbẹ̀ ti ń sọ pé àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ní òun ti rí i lójú Joshua nígbà tó ń wọlé, òmíràn ní òun ti sọ fún ìyàwó òun. Mo wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́! Ọjọ́ yẹn ni mo mú ìwé, mo kọ ti Ruiz yẹn sí ojú ewé àkọ́kọ́, ohun tí mo pè àti ohun tó ṣẹlẹ̀, látìgbà yẹn ìjà tó bá jọ mí lójú màá kọ ọ́ kí agogo tó lù.

Ìjà 40 ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo dúró ṣírò. Mo gba ẹni tó borí nínú 28. Bóyá nọ́káòtù ni tàbí máàkì àwọn adájọ́, mo gba 17. Ráúǹdù gan-an, 2 péré. Nínú 40 yẹn, ti Joshua jẹ́ 10, láti orí Ruiz títí dé orí Daniel Dubois ní September 2024, Joshua ni mo sì fún nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó borí nínú 6, wọ́n lù ú nínú 4: Ruiz, Usyk lẹ́ẹ̀mejì, àti Dubois.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé 28 nínú 40 dáa? Báwo lẹ̀yin ṣe ń fi ohun tẹ́ ẹ pè wé èsì tí ò fi ní jẹ́ ìtànjẹ?

Tíṣà_Máàtì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó kọ 40 sílẹ̀ láìfo èyí tó dùn ún, ó ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò lè ṣe.

28 nínú 40, kò tíì sẹ́ni tó lè sọ pé ó dáa tàbí kò dáa títí ẹ ó fi mọ iye tí ẹni tí ò mọ nǹkankan máa gbà. Ẹ padà sídìí ìjà 40 yẹn, kí ẹ wo ẹni tí ayé ń fún láàárọ̀ ọjọ́ ìjà, ìyẹn ẹni tí ọ́ọ̀dì ẹ̀ (iye tí ilé tẹ́tẹ́ máa san tó bá borí) kéré jù, kí ẹ ka iye ìgbà tó borí. Ẹni yẹn gan-an lẹ ń bá díje, kì í ṣe àwọn ọ̀rẹ́ yín nílé ìwòran.

Ohun kejì, ojú ewé àkọ́kọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ ọ́. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé lẹ́yìn ìjà lẹ kọ ọ́. Mo mọ̀ pé òótọ́ lẹ kọ, àmọ́ ìwé tó bá gba ọ̀kan tó ti kọjá sínú ti ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹ̀.

Ọmọ_Rẹ́mọ

Tíṣà, tí mo bá yọ ọ́, ó dà bíi pé mo ń bo àṣìṣe mi mọ́lẹ̀ ni o, torí mo pàdánù ẹ̀, 28 nínú 39 á wá dáa ju 28 nínú 40 lọ.

Tíṣà_Máàtì

Mo mọ̀. Ẹ má fà á ya, ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ìwé. Òfin tó bá máa le fún èyí tẹ́ ẹ gbà gbọ́dọ̀ le fún èyí tẹ́ ẹ ṣì pẹ̀lú.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Mo kí gbogbo yín. Wembley ni mo wà lọ́jọ́ ti Dubois, September 21, 2024, àwa èèyàn 96,000, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo fojú ara mi rí torí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu.

Látàárọ̀ ọjọ́ yẹn nínú ọkọ̀ ojú irin, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ Dubois. Tyson Fury ni gbogbo wa ń sọ, ìgbà wo ni Joshua máa bá Fury jà, ibo ni wọ́n ti máa jà á, bíi pé ti Dubois ti parí. Mi ò yọ ara mi sílẹ̀, mo ti sọ fún àbúrò mi pé Joshua, ráúǹdù 4. Ráúǹdù àkọ́kọ́ ò tíì parí tí ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún Dubois fi bá a, ó ṣubú. Ó dìde, ó tún ṣubú lẹ́yìn ìyẹn. Ó wá di ráúǹdù karùn-ún, ẹ gbọ́ mi o, Joshua gbá Dubois ní ọ̀tún kan, ẹsẹ̀ Dubois mì, gbogbo Wembley dìde, ẹni tó wà níwájú mi ti gbé ọmọ ẹ̀ lé èjìká, Joshua sáré wọlé láti parí ẹ̀, ó gbé ápákọ́ọ̀tì, ẹ̀ṣẹ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ wá, àgbọ̀n ẹ̀ sì wà ní gbangba, Dubois kàn ju ọ̀tún kúkurú kan. Ojú ló fi dé ilẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ò pé nínú ráúǹdù yẹn.

Kí ni mo ń sọ? Nígbà tí mo délé mo bi ara mi pé kí ló dé tí mo fi pe ráúǹdù 4. Mi ò rí ìdí kankan. Mi ò wo bí Dubois ṣe lu Hrgović ní June, mi ò wo nǹkankan. Ìfẹ́ lásán ni. Látìgbà náà, tí mo bá máa kọ àsọtẹ́lẹ̀, màá kọ ìdí kan ṣoṣo sábẹ́ ẹ̀, gbólóhùn kan péré, tí mi ò bá rí ìdí kọ mi ò ní pè é. Bọ̀dá Rẹ́mọ, ẹ fi òpó kan kún ìwé yín fún "kí ló dé". Lẹ́yìn ìjà, ìdí yẹn ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó wo ẹni tó borí, torí èèyàn lè gba ẹni tó borí kí ìdí ẹ̀ sì jẹ́ irọ́ pátápátá.

Kọ́ọ̀ṣì_Múṣin

Ọ̀rọ̀ tí àǹtí sọ kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ dì mú. Ẹ rántí Fury àti Francis Ngannou ní Riyadh, October 2023. Ngannou ò ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rí, gbogbo ayé ní Fury máa fi ṣeré. Ngannou gbé Fury ṣánlẹ̀ ní ráúǹdù kẹta, máàkì àwọn adájọ́ pín, Fury fi díẹ̀ borí. Ẹni tó kọ "Fury" sínú ìwé á fi àmì rere sí i. Àmọ́ ṣé ó gbà á ni? Ohun tó rò nípa ìjà yẹn ò ṣẹlẹ̀ rárá.

Ibi tó wá burú sí nìyí. Torí ìjà kan yẹn, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ tí Joshua fẹ́ bá Ngannou jà, March 8, 2024, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Ngannou lè lu Joshua, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ gan-an ń sọ ọ́ fún mi. Ráúǹdù kejì ló parí, Joshua gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, ti ẹ̀kẹta yẹn kò tètè jí. Ẹ má fi ìjà kan gbé ẹnikẹ́ni gun òkè, ẹ má fi ìjà kan sọ ọ́ kalẹ̀.

Àwọn nǹkan tí mo máa ń wò kí n tó pe ìjà rèé, mi ò ní tò ó bí ti ìwé, bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni màá sọ ọ́.

Ẹni tó wọlé rọ́pò. Wọ́n ní Ruiz kò ní àyè múra torí Jarrell Miller ló yẹ kó jà, oògùn ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n wá pe Ruiz ní nǹkan bí oṣù kan sí ọjọ́ ìjà. Òótọ́ ni. Àmọ́ Ruiz ti ja ìjà mìíràn ní April 20 ọdún yẹn, ó lu Dimitrenko, ara ẹ̀ ti gbóná sílẹ̀. Ẹni tó rọ́pò tó ń ti inú ìjà bọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó rọ́pò tó ń ti orí àga bọ̀. Ikùn tí gbogbo yín ń wò yẹn, ọwọ́ ẹ̀ ló yẹ kí ẹ wò, ọwọ́ Ruiz yá ju ti Joshua lọ, ó sì hàn nínú gbogbo ìjà tó ti jà ṣáájú.

Ìwọ̀n. Ojoojúmọ́ ni mò ń pariwo ẹ̀. Ìjà àkọ́kọ́ Ruiz wọn páùn 268, Joshua wọn bíi 248. Nígbà tí wọ́n tún jà ní Diriyah, December 7, 2019, Ruiz ti di 283, Joshua ti bọ́ sí 237. Ẹnì kan sanra sí i, ẹnì kan fọn, àwọn méjèèjì ti sọ fún yín ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, Joshua fẹ́ sá kó sì máa fi ọwọ́ gígùn ta á. Ohun tó ṣe náà nìyẹn, 118-110, 118-110, 119-109. Ruiz fúnra ẹ̀ jẹ́wọ́ pé àríyá ti pọ̀ jù. Ẹni tó kọ àsọtẹ́lẹ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ ò rí nọ́ńbà yẹn. Torí náà ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan nígbà tí wọ́n kéde ìjà, ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n bá wọn wọ́n tán, kí ẹ wá wo èyí tó ń sún mọ́ òótọ́ jù.

Ibi tí wọ́n ti ń jà. Lennox Lewis lọ jà ní Brakpan ní South Africa, April 2001, ilẹ̀ yẹn ga tó bíi mítà 1,600, atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Hasim Rahman ti lọ síbẹ̀ ṣáájú kí ara ẹ̀ lè mọ́ ọn, Lewis ṣì ń ya fíìmù. Ọ́ọ̀dì Rahman jẹ́ 20 sí 1. Ráúǹdù karùn-ún, ọ̀tún kan, ó parí. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní November ọdún yẹn, Lewis lù ú ní ráúǹdù kẹrin. Àwọn méjì kan náà o! Ohun tó yí padà ni ìmúrasílẹ̀.

Àti kọ́nà, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú oníjà láàárín ráúǹdù. Nígbà tí Buster Douglas lu Mike Tyson ní Tokyo, February 11, 1990, ojú Tyson wú, àwọn tó wà ní kọ́nà ẹ̀ ò mú irin tútù tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ dání, wọ́n pọn omi yìnyín sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, wọ́n ń fi ìyẹn tẹ̀ ẹ́ lójú. Ṣáńpíọ̀n àgbáyé ni à ń sọ yìí o. Ráúǹdù kẹwàá ó ṣubú, ó ń fọwọ́ wá ike ẹnu ẹ̀ nílẹ̀, ó kì í bọ ẹnu, etí kan ẹ̀ ń yọ síta, wọ́n sì kà á tán. Mo máa ń fi ibẹ̀ yẹn han àwọn ọmọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ pe ìjà kó mọ ẹni tó dúró sí kọ́nà.

Tíkẹ́ẹ̀tì_Ti_Já

Kọ́ọ̀ṣì ẹ ṣé gan-an. Èmi ń ta tẹ́tẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn tó bá ń ta á nìkan ni ọ̀rọ̀ mi yìí wà fún.

Ọ́ọ̀dì fúnra ẹ̀ àsọtẹ́lẹ̀ ni, àmọ́ owó ilé tẹ́tẹ́ wà nínú ẹ̀. Ká ní wọ́n fún ọ̀kan ní 1.25, wọ́n fún èkejì ní 4.00. Ẹ fi 1 pín sí 1.25, 80% ló máa fún yín. Ẹ fi 1 pín sí 4.00, 25%. Ẹ rò ó pọ̀, 105%. Kò sí ayé ibi tí nǹkan ti ń jẹ́ 105%, 5 tó lé yẹn tiwọn ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n rò gan-an, ẹ fi 105 pín 80, á jẹ́ bíi 76%. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ fi wé tiyín, kì í ṣe 80.

Èkejì, ẹ ka òfin kí ẹ tó sanwó. Joshua àti Otto Wallin, December 23, 2023, mo pe Joshua, ráúǹdù 6. Ráúǹdù 5 parí, Wallin jókòó sórí àpótí, àwọn tó wà ní kọ́nà ẹ̀ ní ó tó. Kò jáde fún 6. Mo fò sókè pé mo ti jẹ! Ilé tẹ́tẹ́ tí mo ti ta á ní rárá, ráúǹdù 5 ló parí. Mo jiyàn títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n fi òfin hàn mí, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, èmi ni mi ò kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà ẹ̀ kéré bí ẹyin kòkòrò. Owó ọ̀hún dùn mí o jàre. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ni.

Bàbá_Mókọ́lá

Mo kí yín ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó sórí àpótí tí kò dìde yìí, ó ti pẹ́ o.

February 25, 1964, Cassius Clay àti Sonny Liston ní Miami. Nínú oníròyìn 46 tí wọ́n bi léèrè, 43 ló fún Liston. Ọ́ọ̀dì Clay jẹ́ 7 sí 1. Liston parí ráúǹdù 6, ó jókòó, ó ní apá ń dun òun, kò dìde fún 7. Títí dòní ẹ máa rí ìwé tó kọ 6, ẹ máa rí ìwé tó kọ 7, ìjà kan náà. Ìwọ Tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ìwọ nìkan ló ṣe é.

Ṣùgbọ́n èyí tó sún mọ́ mi jù, Ìbàdàn ni. August 10, 1963, Liberty Stadium, tí wọ́n ti sọ di Obafemi Awolowo Stadium báyìí. Dick Tiger àti Gene Fullmer. Ẹ̀ẹ̀kẹta wọn nìyẹn, Tiger ti gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ ẹ̀ ní San Francisco ní October 1962, wọ́n ta ọ̀mì ní Las Vegas ní February tó tẹ̀ lé e, wọ́n wá gbé ẹ̀kẹta wá sílé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìjà bẹ́líìtì àgbáyé máa wáyé nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà. Ọmọ ọdún 11 ni mí, bàbá mi gbé mi lọ, èjìká ẹ̀ ni mo jókòó lé nígbà tí àwọn èèyàn dìde. Láti ilé ló ti sọ pé Tiger máa borí ṣùgbọ́n ìjà á dé ráúǹdù 15, torí ó ní Fullmer lágídí, pé bí orí ẹ̀ ṣe le tó ẹ̀ṣẹ́ ò lè wọ̀ ọ́. Ráúǹdù keje parí, àwa ń retí ìkẹjọ, Fullmer ò dìde. Bàbá mi kò pariwo bí àwọn yòókù. Ó kàn ń wo àpótí yẹn, ó ń mi orí. Lójú ọ̀nà ilé ló sọ fún mi pé, "Mo gba ẹni tó borí, àmọ́ mi ò mọ Tiger tó." Mi ò gbàgbé rẹ̀ rí.

Nígbà tó di ti Kinshasa, October 30, 1974, bàbá mi ṣì wà láyé. George Foreman ti lu Joe Frazier ní ráúǹdù méjì, ó lu Ken Norton ní ráúǹdù méjì, ọmọ ọdún 25, Muhammad Ali, Cassius Clay yẹn náà tó ti yí orúkọ padà, ti di 32. Ẹ̀rù Ali ń ba àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Bàbá mi ní Foreman. Ali fẹ̀yìn ti okùn, ó gbé ọwọ́ bojú, ó jẹ́ kó máa lù ú títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ráúǹdù kẹjọ ó gbé e ṣubú. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ráúǹdù méjì-méjì tí gbogbo wa fi ń yin Foreman yẹn, òun gan-an ló yẹ kó kọ wá lóminú, kò sẹ́ni tó tíì rí i ní ráúǹdù kẹjọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ máa bi ara yín pé kí ni ọkùnrin yìí kò tíì ṣe lójú wa.

Ọmọ_Rẹ́mọ

Bàbá, ẹ pẹ́ fún wa o. Ẹ̀yin gbogbo, ẹ ṣeun.

Mo ṣe ohun tí Tíṣà sọ lánàá, mo fi ìmọ́lẹ̀ fóònù kà á nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Ẹni tó kàn ń tẹ̀ lé ẹni tí ayé ń fún máa gba 31. Èmi 28. Ó dùn mí. Mo wá pín in sí méjì: nínú 30 tí kì í ṣe ti Joshua, òun á gba 24, èmi 22. Nínú 10 Joshua, òun 7, èmi 6, torí ìjà Usyk ẹlẹ́ẹ̀kejì ní Jeddah, Usyk ni ayé ń fún nígbà yẹn, èmi ṣì ní Joshua.

Ìjà Jeddah yẹn gan-an mo fẹ́ bi Tíṣà. Mo kọ Joshua, máàkì. Adájọ́ kan fún Joshua ní 115-113, àwọn méjì fún Usyk, 115-113 àti 116-112. Ṣé mo lè ka ìdá kan nínú mẹ́ta fún ara mi?

Tíṣà_Máàtì

Rárá ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣì í. Àmọ́ ẹ kọ máàkì adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, torí ìjà tí wọ́n lù yín ní 115-113 àti ti Dubois kò rí bákan náà, bí èèyàn bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára wọn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìdánilójú. Yàtọ̀ sí orúkọ, ẹ máa kọ iye tó dá yín lójú, láti 50 dé 99, ẹ má kọ 100 láéláé, ọ́ọ̀dì Douglas jẹ́ 42 sí 1 ó sì borí. Lẹ́yìn ìjà, tí ẹni tẹ́ ẹ pè bá borí, ẹ kọ 1, tí wọ́n bá lù ú, ẹ kọ 0. Ẹ fi 100 pín iye tó dá yín lójú, kí 80 di 0.80, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1 tàbí 0 yẹn, ẹ fi èsì ẹ̀ sọ ara ẹ̀ di púpọ̀. Ká ní ẹ kọ 0.80 ó sì borí, ó ku 0.20, 0.20 lọ́nà 0.20 jẹ́ 0.04. Tẹ́ ẹ bá kọ 0.95 tí wọ́n lù ú, 0.95 lọ́nà 0.95, 0.9025. Èyí tó kéré ló dáa. Ẹni tó ń kọ 0.50 sí gbogbo ìjà láì ronú, 0.25 ló máa gbà nígbà gbogbo, tẹ́ ẹ bá ro tiyín pọ̀, tẹ́ ẹ fi iye ìjà pín in, tó bá ju 0.25 lọ, ìwé yín ń ṣe yín ní jàǹbá ju kó ràn yín lọ́wọ́ lọ.

Tó bá pọ̀ díẹ̀, ẹ ṣa gbogbo èyí tẹ́ ẹ kọ 80 sí jọ. Tó bá jẹ́ 10, ó yẹ kí bíi 8 bọ́ sí i. Tó bá jẹ́ 5 ló bọ́ sí i, ẹnu yín ti ju ojú yín lọ. Tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá bọ́ sí i, ẹ ń bẹ̀rù jù. Ẹ ṣe ti Joshua lọ́tọ̀, ẹ ṣe ti àwọn yòókù lọ́tọ̀. Ìfẹ́ ìlú kì í hàn nínú orúkọ tẹ́ ẹ kọ bó ṣe ń hàn nínú nọ́ńbà yẹn.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Tíṣà, ẹ jẹ́ n fi kan kún un. Èsì náà lè yí padà lẹ́yìn. Ryan Garcia àti Devin Haney, April 20, 2024 ní Brooklyn, Garcia gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n kéde pé ó borí. Wọ́n wá rí oògùn lára Garcia, wọ́n sọ ìjà yẹn di aláìlésì. Èmi kọ méjèèjì sílẹ̀: èsì alẹ́ ọjọ́ yẹn àti èsì tó wà lákọsílẹ̀ báyìí. Ti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi ń yẹ ara mi wò, torí ohun tí ojú rí nìyẹn, ti èkejì fún àkọsílẹ̀.

Ẹ sì má gbàgbé ọ̀mì. Lewis àti Holyfield, March 13, 1999, ọ̀pọ̀ èèyàn rí i pé Lewis ló lù ú, àwọn adájọ́ ní ọ̀mì. Ẹni tí ò fi àyè ọ̀mì sílẹ̀ nínú ìwé ẹ̀ á jókòó máa jiyàn pẹ̀lú ara ẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì_Ti_Já

Ọ̀mì yẹn náà, ilé tẹ́tẹ́ kan á dá owó padà, òmíràn á ní o ti pàdánù. Òfin ni o, ẹ kà á.

Kọ́ọ̀ṣì_Múṣin

Ọmọ Rẹ́mọ, ráúǹdù 2 nínú 40 yẹn, ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́, èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀ṣẹ́ ọjọ́ pẹ́ mi ò lè gba ráúǹdù. Ẹ pín in sí mẹ́ta, 1 sí 4, 5 sí 8, 9 sí 12. Ìyẹn lèèyàn lè ronú sí: ṣé ẹni yìí máa ń tètè gbóná, ṣé ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Ráúǹdù kan ṣoṣo, orí ló ń pè é.

Ọmọ_Rẹ́mọ

Mo ti fa ìlà sí ojú ewé tuntun. Òpó tó wà níbẹ̀ báyìí: ọjọ́ tí mo kọ ọ́, ẹni tí mo pè, iye tó dá mi lójú, ìdí kan, ẹni tí ayé ń fún, lẹ́yìn ìwọ̀n, ìdá ráúǹdù, ohun tó ṣẹlẹ̀, máàkì adájọ́. Ti Ruiz ti lọ sẹ́yìn ìwé, mo kọ "lẹ́yìn ìjà" sí orí ẹ̀ gàdàgbà. Mo bẹ ọmọ mi obìnrin kó máa fọwọ́ sí i kí agogo tó lù, ọmọ ọdún 13 ni, kò fẹ́ràn Joshua kò kórìíra ẹ̀, kò sì ní gbà kí n fi nǹkan kan kún un lẹ́yìn.

Bàbá_Mókọ́lá

Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé àyè wà fún ti bàbá mi? August 10, 1963, Dick Tiger, ráúǹdù 15. Ìdí: Fullmer lágídí. Ohun tó ṣẹlẹ̀: Tiger borí, Fullmer ò dìde lẹ́yìn ráúǹdù 7. Kò kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnu lásán ló fi sọ ọ́, èmi nìkan ni mo gbọ́.

Ọmọ_Rẹ́mọ

Bàbá, àyè wà. Ẹ̀yìn ìwé, abẹ́ ti Ruiz, mo ti kọ ọ́ báyìí. Mo kọ "ọmọ rẹ̀ ló gbọ́" sí i.